Ẹni tó lọ gba ìwòsàn lẹ fìyà jẹ: lẹ́tà ṣíṣí sí alága àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde

Alága wa, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Èmi ni ìyàwó akápò yín, ẹni tí ẹ máa ń pè ní "Ìyàwó wa" nígbà tí mo bá gbé ìkọ́kọrẹ́ wá sípàdé. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ nínú lẹ́tà yìí, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara yín. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ bá ń kà á ní Ìjẹ̀bú, ní Rẹ́mọ, àti níbikíbi tí ọmọ Aláre bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó lè jẹ́ ilé yín ló kàn.

Ọkọ mi ti ka lẹ́tà yìí kí n tó gbé e síta. Gbólóhùn méjì ló ní kí n yọ, mo yọ wọ́n. Òun náà ló ní kí n má yọ ọ̀rọ̀ Árò, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta tó ti lọ gba ìtọ́jú nítorí ọtí.

1. Ohun tí ẹ ṣe

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, akọ̀wé yín mú ìwé wá sílé wa. Ìwé náà ní kí ọkọ mi kó ìwé owó ẹgbẹ́ sílẹ̀ "nítorí ìlera rẹ̀", àti pé kò ní sí lára àwọn tí yóò ṣíwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ohun tí ìwé kò sọ, ẹnu ti sọ ọ́. Ẹnìkan dìde nípàdé yín, ó ní, "A ò lè fi owó ẹgbẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti Árò dé." Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ mi ti ń ṣe akápò yín. Ọdọọdún lẹ máa ń yẹ ìwé owó wò, kọ́bọ̀ kan kò sì sọnù rí. Nínú ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ó lé ní ọdún mẹ́jọ tó fi ń mu ọtí láti ìdájí di òru. Gbogbo ìgbà tí ọtí wà lára rẹ̀ ni ẹ fọkàn tán an. Ìgbà tí ọtí kúrò lára rẹ̀ ni ẹ ní kó kó ìwé sílẹ̀. Ohun tó mú mi gbé bírò nìyẹn.

2. Ohun tí ẹ kò rí, àti ohun tí èmi rí tí n kò mọ orúkọ rẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ya àwòrán ọ̀mùtí, mo mọ ẹni tí ẹ máa yà. Ẹ máa ya ọmọ gáréèjì tó ń mu paraga láàárọ̀, tàbí bàbá tí ògógóró gbé sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Nígbà tí àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ọtí inú ọ̀rá pa ní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹ yìn wọ́n nípàdé, ẹ ní ọtí ọ̀rá ló ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò ra ọtí ọ̀rá rí láyé rẹ̀. Inú páálí tí wọ́n fi ribọ́ọ̀nù dì ni ọtí tirẹ̀ ti ń jáde, ẹ̀yin lẹ sì ń gbé e fún un lọ́jọ́ ìbí.

Ẹnjiníà ni. Kò pẹ́ débi iṣẹ́ rí. Ó kọ́lé, ó rán ọmọ mẹ́rin lọ sí yunifásítì, ó san gbogbo àjọ tó bá dá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀ lójú yín rí, ahọ́n rẹ̀ kò wúwo. Kò nà mí rí, kò bú mi rí. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀sùn ni mo wá fi kan ọkọ mi.

Ohun tí ojú mi rí nínú ilé nìyí. Aago márùn-ún ìdájí ló máa ń jí, á wọ balùwẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Fúláàsì tíì rẹ̀, kì í jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ fọ̀ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Orógbó kì í wọ́n lápò agbádá rẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ní ọmọ tó mọyì àṣà ni. Òórùn ẹnu ló ń fi orógbó bò. Kì í buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì kankan kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo rò pé bó ṣe ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ ló ń gbọ̀n, kì í sì í dúró títí tí ife àkọ́kọ́ bá fi wọlé sára. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìgò, mo rí i nínú táńkì omi tó wà lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Mo rí i nínú bàtà òjò tó fi ń lọ sáìtì. Bí a bá ń lọ òde, ó ti mu tirẹ̀ kúrò nílé, kí ẹ lè rí i pé ìgò méjì péré ló mu lágbo.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ibà. Bí a bá lọ sí ìpàgọ́ ìjọ, ibà. Bí a bá wọ bàálù lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ibà á ti dé kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, á máa bì, kò sì ní rí oorun sùn. Mo ra oògùn ibà títí. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ ibà títí. Mo se àgbo, mo kó ewé ìbẹ́pẹ àti dongoyárò jọ sínú ìkòkò kan náà. Bí a bá ti padà délé báyìí, ibà náà á lọ, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibà kò ṣe é rí nínú gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn. Ara tí ọtí ti mọ́ lára ni, tí ọtí wá dá lójijì. Wákàtí mẹ́fà sí wákàtí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ife tí èèyàn mu kẹ́yìn ni àmì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ ń kà á, bí ibà ọkọ yín bá mọ ìgbà tí ọtí kò sí nítòsí, ẹ tún un rò. Ẹ̀yin ọkọ náà, màdáámù yín tó jẹ́ ọ̀gá ní báǹkì tàbí ìyálọ́jà kò yọ sílẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin tó ń mutí le ju ti ọkùnrin lọ, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi máa ń fara pamọ́ jù.

Ìpàgọ́ tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Ní ọjọ́ kejì, gìrì gbé e bí ẹni tó ní wárápá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ń bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọn kòkòrò tí ẹnìkankan wa kò rí kúrò lára ògiri. Àwọn kan ní ayé ti ta á lọ́fà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan tí kò tó àkọ́bí wa lọ́jọ́ orí ló pè mí sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi o. Báwo ni dádì ṣe ń mutí sí?"

Mo ní, bí àwọn ẹni ńlá ṣe ń mu ún ni.

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni mò ń béèrè, mà."

3. Ẹni tí ọtí kì í pa

Onílù yín máa ń kì í pé ìkòkò tí kì í kún ni. Ẹ máa ń náwó fún onílù náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń yìn. Ẹni tó lè mu ìgò mẹ́fà kí ojú rẹ̀ má pọ́n, agbára kọ́ ló ní. Ọpọlọ rẹ̀ ti tún ara rẹ̀ tò nítorí ọtí, ohun tí ìgò kan ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀ ti wá di iṣẹ́ ìgò mẹ́ta. Bó bá yá, kò ní máa mu kí orí lè yá mọ́, kí ọwọ́ má baà gbọ̀n ni yóò máa mu. Ẹ̀dọ̀ inú rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò pọ́n. Gbogbo ìgò náà ló ń kà.

Ẹ rántí ọmọ ẹgbẹ́ yín tí a sin, tí ẹ kọ "àìsàn ráńpẹ́" sára pátákó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fún mi láyè kí n sọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ ló bì títí tó fi kú, lẹ́yìn tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le bí òkúta. Dókítà ti kìlọ̀ fún un lórí ọtí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mu ọtí níbi ìsìnkú rẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ máa wí pé ẹni tó ń rí ṣe bíi ti ọkọ mi kò pọ̀. Ní ọdún 2007, àwọn olùṣèwádìí nílé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọtí pín àwọn tí ọtí ti di bárakú fún sí ọ̀nà márùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 19 sí 20 jẹ́ àgbà tó kàwé, tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tó sì ní ìdílé tó dúró. Àwọn méjì tó dá Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, sílẹ̀ ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ní 1935, ọ̀kan ń ṣòwò ìpín ilé iṣẹ́ ńláńlá, ìkejì dókítà oníṣẹ́ abẹ ni. Oníṣẹ́ abẹ! Ẹni tó ń di abẹ mú lórí ara èèyàn. Àìsàn yìí kò wo agbádá mọ́ni lára kó tó wọlé.

4. Ìbéèrè mẹ́rin

Dókítà kékeré yẹn kò fi ẹ̀rọ kankan wò ó kó tó mọ ibi tó ń lọ. Ìbéèrè mẹ́rin ló bi í. Dókítà John Ewing ló tẹ̀ wọ́n jáde ní Amẹ́ríkà ní 1984, wọ́n sì ń lò wọ́n káàkiri àgbáyé. Mo kọ wọ́n síbí fún yín, kí olúkúlùkù dáhùn nínú yàrá rẹ̀:

Ǹjẹ́ ó ti ṣe yín rí bíi pé kí ẹ dín ọtí yín kù?

Ǹjẹ́ inú ti bí yín rí sí ẹni tó bá yín wí lórí ọtí?

Ǹjẹ́ ẹ ti dá ara yín lẹ́bi rí nítorí ọtí tí ẹ mu?

Ǹjẹ́ ẹ ti mu ọtí rí bí ẹ ṣe ń jí láàárọ̀, kí ara lè balẹ̀ tàbí kí ti àná lè kúrò lójú?

"Bẹ́ẹ̀ ni" méjì ti tó láti lọ rí dókítà. Ọkọ mi dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkẹta ló pa á lẹ́kún. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti fẹ́ ẹ, ìgbà ìkejì nìyẹn tí mo rí omijé rẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé náà ní ìbéèrè mẹ́wàá tirẹ̀. 40 ni máàkì rẹ̀, ẹni tó bá ti gba 8 ní láti fara balẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò tó lè ran ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lọ́wọ́.

5. Ohun tí wọ́n ṣe fún un ní Árò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kìlọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ka lẹ́tà yìí tán kó wá da gbogbo ìgò ilé rẹ̀ nù lálẹ́ òní, kó ní òun ti jáwọ́. Ẹni tí ọtí ti mọ́ lára, bó bá dá a dúró lójijì láìsí dókítà, gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ìdàrúdàpọ̀ orí tó mú ọkọ mi sì tẹ̀ lé e. Ó ń pa èèyàn. Ọlọ́run ló yọ wá ní ìpàgọ́ yẹn.

Ní Árò, wọ́n kọ́kọ́ fún un ní oògùn tó ń pẹ̀tù sí ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń dín kù lójoojúmọ́. Wọ́n gún un ní fítámì B1, nítorí ọtí a máa gbọ́n fítámì yìí gbẹ lára, àìtó rẹ̀ sì lè gba ìrántí èèyàn lọ títí láé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fún un ní oògùn tó ń dín òùngbẹ ọtí kù, naltrexone lorúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni apá tó rọrùn. Apá tó le ni ìjókòó, tí a ó máa sọ̀rọ̀. Wọ́n pe èmi náà sí i. Wọ́n ní ta ló ń pe ọ́fíìsì pé ọ̀gá kò lè wá lónìí. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí ni mò ń sọ fún wọn. Mo ní mo máa ń sọ pé ibà ni, kódà lẹ́yìn tí mo ti rí ìgò nínú táńkì. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, mo sì tún ń jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí lójú gbogbo yín. Èmi náà bò ó mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rù ohun tí ẹ̀yin máa sọ. Ohun tí mo bẹ̀rù náà lẹ padà sọ yìí.

Ẹ fi Árò ṣe èébú. Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú níbẹ̀ ní 1954, tó ń fi aláìsàn sínú abúlé tó yí ibẹ̀ ká, lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn láti òkè òkun wá ń wo ohun tó ṣe. Ọkùnrin náà padà di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Ohun tó rí nígbà yẹn ni pé ara aláìsàn tètè ń yá bí àwọn èèyàn rẹ̀ kò bá sá fún un. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Abẹ́òkúta kò jìnnà. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọkọ mi fi wà níbẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo nínú yín ló wá wò ó, alẹ́ ló sì wá.

6. Òfin

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó amúnisìn. Òfin tuntun náà tako kí a máa ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ. Ẹ ní agbẹjọ́rò mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín.

7. Ohun tí mo ń béèrè

Èkíní, ẹ fa ìwé tí ẹ kọ ya, kí ẹ sì sọ ọ́ nípàdé pé ẹ fà á ya. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí pé owó ẹgbẹ́ kò pé, ẹ gbé e jáde. Bí kò bá sí, ẹ dá ipò rẹ̀ padà fún un, kí ẹ sì dá orúkọ rẹ̀ padà sáàárín àwọn tó ń ṣíwájú lọ́jọ́ Ojúde Ọba.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìtanràn. Nínú ẹgbẹ́ yín, páálí bíà kan ni ìtanràn ẹni tó bá pẹ́ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí kò wọ aṣọ ẹgbẹ́, àti ti ẹni tí fóònù rẹ̀ dún. Ẹ sọ ọ́ di owó. Ẹni tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ kò gbọdọ̀ máa ra ọtí wọlé nítorí pé ọkọ̀ há fún un ní Ṣàgámù.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí omi, zobo àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lórí gbogbo tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa pariwo pè é. Ìpàdé àkọ́kọ́ tí ọkọ mi lọ lẹ́yìn tó dé, ẹ gbé ìgò síwájú rẹ̀, ẹ ní kó mu ún kí ẹ lè mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ìgò Fanta ló dì mú fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó délé, ó jókòó sínú mọ́tò nínú ọgbà wa títí mo fi jáde lọ bá a. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè pè ní aláìléwu fún ara. Ẹni tó bá ní òun kò mu, ẹ má béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àpò ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ ti fi ran ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú lọ́wọ́, ẹ fi ran ẹni tó ní jàm̀bá ọkọ̀ lọ́wọ́, mo sì kí yín fún un. Ẹ kọ ìtọ́jú ọtí sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ pé ó wà lára àìsàn tí àpò náà ń san. Owó tiwa ti lọ, a kò béèrè rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ni mò ń sọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ pe dókítà kan láti bá yín sọ̀rọ̀ ní ìpàdé kan, kí ìjókòó náà wà láìsí ìgò. Lẹ́yìn tí ẹ mú ìwé yín wá sílé wa, àwọn mẹ́ta nínú yín ti pe ọkọ mi lórí fóònù ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń béèrè bó ṣe jáwọ́ nínú ọtí. Ọ̀kan nínú wọn wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi kò sọ orúkọ wọn fún mi, n kò sì bi í.

Oṣù mọ́kànlá rèé tí ọtí kò kan ẹnu rẹ̀. Aago mẹ́fà ló ń jí báyìí. Ní aago méje àárọ̀ òní, ó buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì owó ilé ìwé ọmọ àbúrò rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, mo dúró tì í, mo ń wo ọwọ́ náà.

Ìwé owó ẹgbẹ́ yín wà lórí tábìlì kan náà. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tó ń bọ̀, tí ẹ máa ṣèpàdé, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e wá, èmi ni màá sì wa mọ́tò. Ẹ fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Èmi ni tiyín,
Ìyàwó akápò